Sípíríǹgì mẹ́rin ni wọ́n fi sí i, ta ló sọ ọ́ di mẹ́ta?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè rí yóò tètè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Òkè ni ọ̀nà náà, ó sì ń lọ́ bí ejò. Ibẹ̀ ni alùpùpù mi ti dójú tì mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Honda CG125 ni, ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, n kò sì rò pé ó lè ṣe mí bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan tó jẹ́ ará ilé wa ló jókòó sẹ́yìn mi. A dé ibi tí òkè ti le gan-an, mo fún alùpùpù níná, ẹ́ńjìnnì figbe ta bí ẹni tí wọ́n ń nà, ṣùgbọ́n táyà kò yí ju bó ti ń yí tẹ́lẹ̀ lọ. Mo já jíà wálẹ̀. Ariwo ń pọ̀ sí i, ìrìn ń dín kù. Òórùn kan bí ìgbà tí àkísà bá ń jóná ti gba gbogbo afẹ́fẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù kan wà lẹ́yìn wa tó ń fun fèrè kíkankíkan, nítorí òun náà kò fẹ́ dúró lórí òkè yẹn. Kò pẹ́ tí alùpùpù dúró, ó sì fẹ́ máa yọ̀ padà sẹ́yìn. Mo fún bíréèkì mọ́wọ́, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tilẹ̀, ìyá náà sì ń bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé epo ló tán ni?"

Epo kò tán. Ọkọ̀ akẹ́rù náà rí àyè yà fún wa, Ọlọ́run ló ṣe é. Bí awakọ̀ rẹ̀ bá ti ń tòògbé ni, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ì bá máa kọ ọ̀rọ̀ sójú ìwé yìí lónìí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún alùpùpù ṣe ní Iléṣà ló tú u lọ́jọ́ kejì. Ó ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ẹ́ńjìnnì, ó wò ó, ó dákẹ́, ó tún wò ó. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fojú ara yín rí i kí n tó fọwọ́ kàn án." Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ààyè sípíríǹgì mẹ́rin ló wà níbi kílọ́ọ̀ṣì, sípíríǹgì mẹ́ta ló wà nínú wọn. Níbi ẹ̀kẹrin, bóòtì nìkan ló dá dúró bí òpó ilé tí iná ti jó. Ọmọ náà kò bú ẹnikẹ́ni o. Ó kàn béèrè ẹni tó ṣí i kẹ́yìn lọ́wọ́ mi.

Mo mọ ẹni tó ṣí i kẹ́yìn. Tìbínú-tìbínú ni mo fi lọ bá a, mo ti to èébú sẹ́nu. Ọkùnrin náà jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán, ó wá fi pẹ̀lẹ́tù dá mi lóhùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Ẹ̀yin lẹ wá bá mi níhìn-ín pé ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì le jù, pé ọrùn ọwọ́ ń dùn yín. Mo yọ ọ̀kan kó lè rọ̀ yín lọ́wọ́. Ṣé kò rọ̀ ni?"

Ó rọ̀. Ká má parọ́, ó rọ̀ dáadáa. Mo rántí pé mo tilẹ̀ fún un ní owó ọtí lé owó iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, tí mo ń yìn ín pé ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Mo kó èébú mi padà sínú, mo gbalé lọ.

Nítorí náà, bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò kọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ nìkan. Lójú tèmi, àwa tí a ni alùpùpù jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí ju bí a ti ń rò lọ. A máa ń fẹ́ kí mẹkáníìkì ṣe é kíákíá, kó ṣe é lówó pọ́ọ́kú, kó má sì sọ fún wa pé nǹkan kan ti gbó. Ẹni tó bá sọ fún wa pé ká lọ ra nǹkan ni a ń pè ní olè. Ẹni tó bá dọ́gbọ́n sí i ni a ń pè ní ọ̀gá.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí sípíríǹgì wọ̀nyí ń ṣe ná. Iṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì ni láti so agbára ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà, kó sì tú u nígbà tí a bá fẹ́ kó tú. Oríṣi pílétì méjì ni wọ́n tò léra wọn nínú rẹ̀. Oríṣi kan ní ohun tó ń di nǹkan mú lára, èkejì sì jẹ́ irin pẹlẹbẹ. Àwọn ti àkọ́kọ́ ń bá ẹ́ńjìnnì yí, àwọn ti èkejì ń bá ọ̀pá jíà yí. Bí nǹkan kan kò bá fún wọn pọ̀, olúkúlùkù yóò máa yí lọ́tọ̀ ni, ẹ́ńjìnnì yóò máa pariwo, alùpùpù yóò sì dúró sójú kan. Sípíríǹgì ló ń fún wọn pọ̀. Bí a bá fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, agbára sípíríǹgì yẹn ni ọwọ́ wa ń bá jà kí àwọn pílétì lè jìnnà síra wọn díẹ̀. Ìdí nìyí tí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì fi gbọ́dọ̀ le díẹ̀.

Ẹni tó bá mọ bí àwọn ìyá wa ti ń fún gààrí yóò tètè lóye rẹ̀. Wọn a gbé àpò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rin sáàárín pákó, wọn a wá fi okùn so igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin le dan-in. Ẹ wá tú okùn igun kan sílẹ̀ kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ yẹn yóò là, pákó yóò dagun, omi kò sì ní í jáde bó ti yẹ, kódà níbi tí okùn kò ti tú. Bí a bá yọ sípíríǹgì kan nínú mẹ́rin, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára tó ń fún pílétì pọ̀ ti lọ nìyẹn. Ohun tó ṣẹ́kù pàápàá kò tún fún wọn dọ́gba mọ́. Àwọn kan tilẹ̀ gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, méjì tó dojú kọra ni wọ́n ń yọ kó má baà dagun. Òótọ́ ni, kò ní í dagun, ṣùgbọ́n ìlàjì agbára ló kù síbẹ̀ o! Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, tí èèyàn kan ṣoṣo bá wà lórí rẹ̀, èèyàn lè má tètè fura. Ìgbà tó bá di òkè, tí èrò méjì àti àpò iṣu bá wà lẹ́yìn, ni àṣírí máa ń tú.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú alùpùpù tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí ìtàn rẹ̀ bá wa tan. Ọdún 1976 ni CG125 jáde. Kí Honda tó ṣe é, wọ́n ti rí i pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí nǹkan kò ti rọ̀ṣọ̀mù, èèyàn ń di ẹrù rẹpẹtẹ lé alùpùpù, wọn kì í sì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Wọn kò dá àwọn èèyàn náà lẹ́bi. Ẹ́ńjìnnì mìíràn ni wọ́n ṣe, èyí tó ń fi ọ̀pá tín-ínrín ti fáàfù, tí kò ní ṣéènì tó gùn lọ sókè, kó lè fara da ìyà. Wọ́n ṣe é ní Brazil àti Pakistan pẹ̀lú, àwọn ará Ṣáínà sì wo àwòkọ rẹ̀ títí tó fi jẹ́ pé alùpùpù púpọ̀ tí ẹ ń rí lójú pópó wa, tí orúkọ mìíràn wà lára táńkì wọn, CG ló wà nínú wọn. Ohun tí mo ń sọ kan àwọn ọlọ́kadà wa, ó sì kan àwọn tó ń gun zémidjan ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́. Ẹni tó ṣe alùpùpù yìí ti ro àìbìkítà tiwa mọ́ ọn láti ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí bó ṣe lè ronú kan ẹni tí yóò ṣí ẹ́ńjìnnì tí yóò sì mú sípíríǹgì sàpò.

Ní ti ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì mi tó le nígbà yẹn, sípíríǹgì kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ọmọ Iléṣà yẹn fi han mí. Ó já wáyà kílọ́ọ̀ṣì lókè, ó ní kí n máa fà á wò lọ́wọ́ lásán, láìsí kílọ́ọ̀ṣì kankan nídìí rẹ̀. Ó le! Ìpẹtà àti eruku ló kún inú ike rẹ̀. Ó ń kán ọ́ìlì tó ṣàn dáadáa sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ọ́ìlì fi yọ nísàlẹ̀, wáyà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bí ẹja àrọ̀. Ọ́ìlì tí kò kún ṣíbí méjì ni ohun tí ìrora ọrùn ọwọ́ mi ń wá. Mo ti fi sípíríǹgì kan àti gbogbo pílétì mi san án.

Nítorí pé pílétì jóná. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá ń yọ̀, ooru ni agbára ẹ́ńjìnnì ń dà. Ohun tó ń di nǹkan mú lára pílétì yóò máa jó, yóò máa fẹ́lẹ́, àwọn irin pẹlẹbẹ yóò dúdú tàbí kí wọ́n ṣe bí aró, òmíràn a sì ká kò. Epo yóò máa lọ láìjẹ́ pé ìrìn ń lọ. Sípíríǹgì tó kù pẹ̀lú yóò wà nínú ooru yẹn, yóò sì máa rẹ̀. Èyí ló jẹ́ kó ṣòro fún ẹni tó bá bá a lẹ́yìn láti mọ èyí tó kọ́kọ́ bàjẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ti máa sọ pé ti òun kò sọnù, pé mẹ́rin pé. Ó lè pé kó má ṣiṣẹ́. Sípíríǹgì tí wọ́n ti fún pọ̀ tí wọ́n sì ti tú sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń kúrú. Ẹ gbé àtijọ́ àti tuntun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí gíláàsì, ojú lásán yóò rí i. Ìwé tí Honda tẹ̀ fún àwọn alátùn-únṣe ní òdiwọ̀n ibi tí kò gbọ́dọ̀ kúrú dé, ẹni tó bá ní ìwé náà kó fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n. Ohun tí àwọn kan ń ṣe ni pé wọ́n á fi ọwọ́ tàbí pílíásì fà á gùn. Lórí tábìlì, ó gùn. Bó bá dé inú iṣẹ́ tó gbóná, yóò padà sí bó ṣe wà, yóò tún burú sí i. Àwọn mìíràn a ki wọ́ṣà sí i lábẹ́. Èyí lè jẹ́ kó fún pílétì pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́ṣà bá nípọn jù, àwọn òrùka sípíríǹgì yóò kanra wọn kí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì tó dé òpin, jíà kò sì ní í wọlé wẹ́rẹ́. Ẹ̀tàn tí mo kórìíra jù ni ti ọ̀kan tuntun láàárín àgbà mẹ́ta. Ẹni tó lágbára yóò máa fún ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, àwọn tó ti rẹ̀ yóò máa wò ó, kílọ́ọ̀ṣì yóò dagun gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ọ̀kan bá sọnù. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ ó pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó pílétì.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣí ẹ́ńjìnnì rárá, ẹ wo ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Níbi orí rẹ̀ tó jìnnà, ó gbọ́dọ̀ mì lófìfo díẹ̀, láti mílímítà 10 sí 20, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ohunkóhun. Bí kò bá mì rárá, wáyà ti fà jù, ó ń tú kílọ́ọ̀ṣì láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn án, yóò sì máa yọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé sípíríǹgì rẹ̀ tuntun ni. Ẹ tún béèrè irú ọ́ìlì tó wà nínú rẹ̀. Inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni kílọ́ọ̀ṣì yìí ń gbé. Àwọn ọ́ìlì mọ́tò kan wà tí wọ́n po nǹkan mọ́ kí irin lè máa yọ̀ lára irin, ohun tó dára fún mọ́tò ni, àmọ́ ó lè ba kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù jẹ́. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ JASO MA sí lára.

Bí ìwọ̀nyí bá dára tó ṣì ń yọ̀, ẹ ṣí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù. Ẹ dá ọ́ìlì sínú abọ́ tó mọ́, ẹ má dà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo máa sọ ìdí rẹ̀. Ẹ yọ ìtàpá tí a fi ń ta ẹ́ńjìnnì, ẹ já wáyà kílọ́ọ̀ṣì. Bí ìtẹ̀sẹ̀ tàbí sàlẹ́ńsà bá dí ìdérí ọ̀tún lọ́wọ́, ẹ tú u. Àwọn bóòtì ìdérí náà kò gùn dọ́gba, nítorí náà ẹ ya àwòrán ìdérí sára páálí, kí ẹ gún bóòtì kọ̀ọ̀kan mọ́ àyè rẹ̀. Ẹni tó bá kó gbogbo wọn sínú agolo kan, tó wá fi èyí tó gùn sí ibi kúkúrú, yóò fọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Bí ìdérí bá lẹ̀, ẹ fi òòlù onírọ́bà gbá a jẹ́jẹ́. Ẹ má ki sikurudíráfà bọ àárín rẹ̀, ojú rẹ̀ tó ń di ọ́ìlì mú yóò bàjẹ́. Ẹ ṣọ́ irin kékeré tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì, ó máa ń jábọ́ láìfọhùn.

Kílọ́ọ̀ṣì ni ẹ ó rí yẹn, pẹ̀lú irin tó ní apá mẹ́rin tí bíárìn wà láàárín rẹ̀. Bóòtì mẹ́rin ló dì í mú, sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan sì wà lábẹ́ apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ má tú bóòtì kan tán kí ẹ tó kan òmíràn. Ẹ tú ọ̀kan díẹ̀, ẹ lọ sí èyí tó dojú kọ ọ́, ẹ máa yí i ká bẹ́ẹ̀ títí agbára sípíríǹgì yóò fi tán. Bó bá jẹ́ sípíríǹgì nìkan lẹ fẹ́ pààrọ̀, iṣẹ́ ìtú parí síbẹ̀. Ẹ fọwọ́ yí bíárìn wò, bó bá ń ha, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má da ọ́ìlì nù nìyí: bí sípíríǹgì bá dín, tí kò sì sí ẹni tó jẹ́wọ́ pé òun yọ ọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó kán ni. Àjákù rẹ̀ wà níbì kan nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ wá a nínú abọ́ ọ́ìlì, ẹ wá a nídìí kílọ́ọ̀ṣì àti níbi àwọ̀n tó ń sẹ́ ọ́ìlì, ẹ má sì ti ẹ́ńjìnnì náà pa kí ẹ tó rí i. Irin bí ìka ọwọ́ ọmọdé tó bọ́ sáàárín jíà lè dá alùpùpù dúró lójijì lórí eré.

Bí ẹ bá fẹ́ dá a padà, bí ẹ ṣe tú u lẹ ó ṣe dì í, díẹ̀díẹ̀, ní ìdojúkọra. Àwọn ojúgun tí bóòtì ń wọ̀ kì í ṣe irin líle, alumíníọ̀mù ni. Ọ̀gá kan tó fẹ́ fi agbára han àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti kán ọ̀kan lójú mi rí, gbogbo ilé iṣẹ́ sì dákẹ́ rọ́rọ́. Bó bá ti le dé ìdí, ó tó. Ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí ìdérí, ẹ da ọ́ìlì tuntun sí i dé ojú ìwọ̀n, ẹ tún ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì ṣe kó mì lófìfo bí mo ṣe wí. Ẹ gbé e dúró, ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì, ẹ fi jíà kìn-ín-ní sí i, kò gbọ́dọ̀ fẹ́ máa lọ. Ẹ wá gùn ún jáde láìgbé èrò. Nínú jíà tó ga, ẹ fún un níná lórí ibi tó gòkè díẹ̀. Ariwo àti ìrìn gbọ́dọ̀ jọ máa gòkè. Bí ariwo bá fi ìrìn sílẹ̀ lọ lẹ́yìn sípíríǹgì tuntun, ó di ti pílétì nìyẹn, gẹ́gẹ́ bó ṣe di ti èmi.

Tèmi ti dára báyìí. Ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì kò le, sípíríǹgì sì pé mẹ́rin, mo kà á lójú ara mi kí wọ́n tó dé ìdérí. Mo lọ sọ fún ìyá náà pé kó múra ká jọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ gbé àpò gààrí òun lọ ná, bí gààrí bá dé, òun yóò ronú sí i.